Igi tí Bàbá Mi Ń Dì Mú

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí inú ṣì ń bí mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Kò tí ì ju ọdún díẹ̀ lọ tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, epo bẹntiróòlù sì wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. N kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni yọ egungun rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàbá mi, "wọ́n" ni màá máa wí. Bí mo bá dé orí alága ìgbìmọ̀, "ó" ni màá pè é. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ dáadáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní àdúgbò wa ní Ìlá, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, igbó kékeré kan wà tí ògiri yí ká, tí gbogbo wa ń pè ní Ọgbà. Kì í ṣe igbó orò, kò sí ẹni tó ń bọ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn òbí wa ló gbin igi síbẹ̀ nígbà tí ìjọba ìgbà kan pàṣẹ pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan gbin tirẹ̀: dóngóyárò létí ọ̀nà, tíìkì àti mẹlaina ní ìlà-ìlà láàárín. Àgbálùmọ̀ ńlá kan wà ní ìparí tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbin ohunkóhun. Àwa ọmọ ilé ìwé la pọnmi sí àwọn igi kéékèèké náà ní ọ̀gbẹlẹ̀. Mo rántí korobá orí mi, mo rántí bí omi ṣe ń dà sí mi lọ́rùn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ fún mi pé Ọgbà kì í ṣe tèmi, kó kọ́kọ́ wá nu omi ọrùn mi.

Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, agbádá Iléyá ẹnì kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá mi ti ṣaláìsí ṣáájú ìgbà náà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti tú ká sí Èkó àti Kàdúná, èmi tí mo jáde yunifásítì tí mo padà wá ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kù nílé. Dókítà sọ ọ́ fún mi láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kí Bàbá máa rìn lójoojúmọ́. Ó ní bí wọn kò bá rìn, ẹsẹ̀ náà yóò gan, bó bá sì gan tán, kò sí oògùn tí yóò nà án mọ́.

Kí wọ́n máa rìn, níbo? Yàrá méjì la ní, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti gba ìdajì rẹ̀. Títì iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gọ́tà là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọlọ́kadà sì máa ń paná ẹ̀rọ wọn lórí òkè láti fi ṣún epo lò, kí wọ́n wá máa já bọ̀ láìdún bí ejò. Ọgbà nìkan ló kù. Ó sún mọ́ wa, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ewé gbígbẹ sì bò ó tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣubú níbẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, igi wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí kò ní mọ ohun tí igi jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Bàbá á na ọwọ́ òsì di dóngóyárò àkọ́kọ́ mú, wọ́n á dúró, wọ́n á mí. Wọ́n á wo igi tó kàn bí ẹni tó ń wo odò tó fẹ́ fò. Lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á wọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ewé tíìkì á máa ké lábẹ́ bàtà, títí ọwọ́ wọn á fi tó igi kejì. Láti igi dé igi. Èmi á wà lẹ́yìn, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ìbínú ni wọ́n ń fi lé mi. Àwọn bàbá tó ń ta dráfù lábẹ́ mẹlaina á dá eré wọn dúró.

"Ẹ di í mú dáadáa o, télọ̀! Igi yẹn ò tí ì sanwó ìránṣọ rẹ̀, kó má sá lọ!"

Bàbá á fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rìn dé ìdí àgbálùmọ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó pé láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé: "Ó... ti... so." Mo yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má bàa rí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a dé ibẹ̀ tí a bá géètì.

Àwọn ọkùnrin kan ní àdúgbò, ọlọ́wó díẹ̀, ẹlẹ́nu púpọ̀, ti kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní ìgbìmọ̀ ẹwà àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni kò yàn wọ́n. Wọn kò lu agogo dé ojúlé kankan pé àwọn fẹ́ ti Ọgbà. Wọ́n mọ ògiri dí ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń gbà, èyí tó jẹ́ pé àwọn ìyá tó ru igi ìdáná wá ní láti fi orí títì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn rìn. Wọ́n gbé pátákó kọ́ sára géètì, òyìnbó nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ti kàwé, pé aráàlú kò gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n ní wọ́n ń ti ibẹ̀ kó lè mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wakọ̀ wọ ibẹ̀ lọ mutí, ìgò wọn sì ń wà nílẹ̀ títí di Wẹsidé. Mo ka èyí tó burú jù sí ìkẹyìn: wọ́n mọ̀ pé bàbá mi ń rìn níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ti rí i.

Mo lọ bá alága wọn ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ẹ káàsán sà."

"Káàsán, tíṣà. Ṣé kò sí?"

"Ó wà, sà. Ta ló fún yín láṣẹ láti ti Ọgbà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlú ni."

"Ìlú wo, sà? Èmi náà wà nínú ìlú."

"Ṣé o ò rí bí ibẹ̀ ṣe rí ni? Ọmọdé ń yàgbẹ́ síbẹ̀, àgbà ń sùn síbẹ̀ bí ewúrẹ́. A fẹ́ kó dáa, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó ríbi gidi ṣe fàájì tí wọ́n bá wálé."

"Àwọn ti Èkó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bàbá mi ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Kí Bàbá máa rìn nínú ilé."

"Ẹ wá bá wa wọ ilé náà wò, sà. Bí ẹ bá rìn nínú rẹ̀ tí ẹ ò fi orúnkún gbá ẹ̀rọ ìránṣọ, màá lọ jókòó."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ. Lọ fẹ́ ọkọ, kí o lè rẹ́ni máa bá jà."

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Títí n ó fi rí i, ẹ̀yin ni màá máa bá jà."

Ìjà wo ni mo wá jà? Mo lọ bá ẹni tó yẹ kí n bá ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá; mo padà lọ, wọ́n ní ẹni tó yẹ kí n rí ti lọ Òṣogbo. Láàárín gbogbo èyí, Bàbá jókòó. Wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ tó ti ń nà bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Láàárọ̀, bí mo bá ń fi òrí wọ́ ọ, mo ń gbọ́ ọ nínú ọwọ́ mi pé ó ń le. Mo mọ̀ pé bí ó bá fi lè le tán, a ò ní rìn mọ́, ìbá à jẹ́ Ọgbà ọ̀run ni wọ́n ṣí fún wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ bàtà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí géètì bá tì, a ó rìn lójú wọn níwájú géètì."

Ẹni tí ìgbìmọ̀ fi ṣọ́ géètì, ọmọ agbo ilé tó kàn tiwa ni, ọkùnrin tó ti ń tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ní ẹ̀kọ́ dé ìdí. Bí a ṣe ń dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí géètì fún ọkọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó ń jáde. Ọkọ̀ lọ, géètì là gbayawu, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú, ó rí bàbá mi. Kó tó ronú, ó ti nà gbalaja sílẹ̀, àyà kan erùpẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Ẹ kú ara líle, sà!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹni tí wọn kò kọ́ ì bá ti ti géètì ná. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dá ara rẹ̀ dìde. Àgbà ló máa dá a lóhùn, tí á kì í ní oríkì ilé wọn bó bá wù ú, tí á wá ní kó dìde. Bàbá mi wo ọmọkùnrin náà nílẹ̀. Wọ́n wo géètì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ èjìká mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. "Ọmọ..." Wọ́n mí. "Ọmọ... a... kọ́..." Wọ́n gbé itọ́ mì. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ dé ẹ̀yìn wa pẹ̀lú igi lórí, wọ́n wo géètì tó là, wọ́n wo ẹni tó ń ṣọ́ ọ nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kó má bàa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ọmọkùnrin náà wí láti inú erùpẹ̀, "ẹ ní kí n dìde."

"Mò... ń... bọ̀... níbẹ̀."

"Wọ́n ń wọlé o, Bàbá! Wọ́n á lé mi níṣẹ́!"

"Má dìde o!" ìyá mìíràn wí bó ti ń kọjá lọ. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ìyá rẹ ò kọ́ ẹ ni? Wọ́n ṣì wà ní orí bàbá bàbá rẹ, wọn ò tí ì kan bàbá rẹ gan-an!"

Àwọn bàbá onídráfù ti gbọ́. Wọ́n gbé pákó wọn dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín wọlé. Àwọn ọmọ ilé ìwé tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọlé ti wọlé, Bàbá ní, "Dìde... ọmọ... mi. O... ṣeun," a sì wọlé láti igi dé igi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ràn mọ́. A kò dé ìdajì ọ̀nà tí a máa ń rìn, ṣùgbọ́n a rìn.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ lé ọmọkùnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ka èyí náà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, nítorí àgbà ló kí. Wọ́n fi ṣéènì kún àgádágodo. Wọ́n gba ẹlòmíràn láti ibi tó jìnnà, wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni. A dé ibẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa.

Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ. Bàbá fà mí láṣọ.

"Ilé... alága."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mo ti lọ bá a."

"Kí... n... kí... i."

Ó yé mi, ara mi sì bù máṣọ. Àgbà kì í lọ kí ọmọdé nílé. Bí àgbà bá dìde láti ilé rẹ̀, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ́ ọmọ sí i, gbogbo agbo ilé yẹn ni kò ní sùn, nítorí ohun tó gbé àgbà wá kò ní kéré. Bàbá mi ló rán yunifọ́ọ̀mù tí alága wọ̀ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Orí títì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la gbà. Kò sí igi, èjìká mi ni igi. Ọlọ́kadà kan já bọ̀ láìdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wa, mo ṣépè fún un tó jẹ́ pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá gbọ́, wọn ò ní bẹ̀rù mi mọ́. Nígbà tí a dé, Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé náà. Ìyàwó alága sáré gbé àga wá. Wọ́n mi orí. Ó gbé omi wá. Wọ́n mi orí. Alága jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó rí wa, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Kí ló dé, sà? Ṣé kò sí?"

"Kò... sí. Mo... wá... kí... ọ... ni."

Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó títí a fi gbọ́ ìpè ìrun Màgàríbì, wọ́n ní kí n gbé wọn dìde, a lọ. Gbogbo fèrèsé agbo ilé náà ló ní orí nínú.

A tún lọ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Àwọn kan ní alága gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Àwọn kan ní ó kó aṣọ tí wọ́n ní kí Bàbá rán, ó tà á. Ẹnì kan bi mí níwájú kíláàsì mi bóyá òótọ́ ni pé alága fún mi lóyún ni. Mo ní kó lọ bi alága.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà tó dàgbà jù ní agbo ilé alága ti jókòó sórí àtẹ̀gùn dè wá, ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀. Bí alága ti dìde nínú ìdọ̀bálẹ̀, ìyá náà ní:

"Kí lo gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?"

"N ò gba nǹkan kan, Ìyá. Ọ̀rọ̀ Ọgbà lásán ni."

"Ọgbà wo? Ọgbà tí a gbin igi sí? Mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ kòtò mẹ́ta níbẹ̀. Ta ló ní kí o tì í?"

"Ìlú ni, Ìyá."

"Èmi ńkọ́, kí ni mo jẹ́, àlejò?"

Alága yíjú sí mi, ó ti ń làágùn. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá. "Ó ti parí, sà. Ẹ gba èyí. Tiyín nìkan ni. Ìgbàkígbà tó bá wù yín, ẹ máa ṣí i, kí ẹ tì í lẹ́yìn yín."

Mo fẹ́ gbà á. Màá sọ òótọ́: ẹsẹ̀ yẹn ń le lójú mi, kò sì kàn mí mọ́ bí géètì ṣe là. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ìyá tó ru igi lórí títì yẹn, mo rántí pé ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ti gbà pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Mo ní, "A ò gbà á, sà."

"Bàbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tíṣà."

Bàbá wo kọ́kọ́rọ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn rán. Wọ́n ní, "Àwọn... tó... kù... ńkọ́?"

Alága tún na kọ́kọ́rọ́ náà sí wọn. Bàbá fi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ rẹ̀ padà, wọ́n sì na ọwọ́ náà sí mi pé kí n gbé wọn dìde. Wọ́n ní, "Ó... di... ọ̀la."

Ìyá àgbà gbá ọ̀pá mọ́ àtẹ̀gùn. "O gbọ́ o! Wọ́n ń bọ̀ lọ́la! Wọ́n á máa bọ̀ títí màá fi kú sínú ìtìjú yìí!"

Ní ọjọ́ kẹrin, bí a ti jáde nílé tí a fẹ́ kọrí sí ọ̀nà ilé alága, ọmọkùnrin tí wọ́n lé níṣẹ́ sáré wá bá wa. "Ẹ má lọ sọ́hùn-ún mọ́! Wọ́n ń yọ ọ́!" A dé Ọgbà, a rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n ti yọ ṣéènì, wọ́n ti yọ géètì kúrò lára ìdè rẹ̀, wọ́n gbé e ti ògiri. Àdúgbò ti pé síbẹ̀. Alága dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá, ó ń kí àwọn ènìyàn bí ẹni tó ń ṣílé tuntun.

Ó rí mi. "Tíṣà, ṣé inú ẹ ti dùn báyìí? Ṣé o ò ní dúpẹ́ ni?"

"Ògiri tí ẹ fi dí ọ̀nà oko ṣì wà níbẹ̀, sà. Ẹ wó ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ sì gba ọmọ yìí padà síṣẹ́, tàbí kí ẹ sọ ohun tó ṣe fún wa níwájú gbogbo ayé."

Àwọn kan pariwo "Tíṣà!" Alága la ẹnu, ṣùgbọ́n Bàbá ti dé iwájú rẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀ níbi tó dúró sí, agbádá rẹ̀ sì bo gbogbo ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó.

Bàbá kò kì í. Dóngóyárò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò, lórí rẹ̀ kọjá.

"Dìde," wọ́n ní. "O... dí... mi... lọ́nà."